"Bó Bá Ṣeé Ṣe" Lo Kọ Sídìí Ẹ̀mí Mi

Má fọwọ́ kàn mí o! Jẹ́ kí eyín mi kọ́kọ́ dẹ́kun gbígbọ̀n ná. Wo ọwọ́ mi. Ṣé ọwọ́ èèyàn nìyí àbí ìrù ẹja? Háà, ìwọ ọmọ àbúrò mi, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí ara ìyá rẹ ò yá, ètò tí ìwọ kọ sínú kọ̀ǹpútà ló ti ilẹ̀kùn yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí mọ́ mi!

Mo ti sùn sábẹ́ afárá rí. Mo ti sùn lórí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì, tí òjò ń pa mí látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀rù ò bà mí tó báyìí rí. Mò ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ gbì! Mo yíjú padà, ilẹ̀kùn ti tì. Mo lù ú, mo pariwo, mo pe ìyá mi tó ti kú, afẹ́fẹ́ kàn ń fẹ́ hùù lé mi lórí ni. Bí kì í bá ṣe awakọ̀ tó wá kẹ́rù, tó gbọ́ bí mo ṣe ń fi igi ìgbálẹ̀ lulẹ̀kùn, ṣé ẹ ò bá ti tò mí mọ́ ẹja?

Kí lo wí? Ẹ̀rọ ò ṣàṣìṣe? Mo gbé o! Ohun tó ń já mi láyà jù nìyẹn! Ṣebí ìwọ lo jókòó lọ́jọ́sí, tó ò ń fi ẹ̀rín ṣàlàyé fún mi pé nínú ètò rẹ, nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ń gbé òfin tirẹ̀ sínú ara rẹ̀. Ẹja ní tirẹ̀: òun ò gbọdọ̀ yọ́. Ilẹ̀kùn ní tirẹ̀, ọkọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ á wá máa wá ọ̀nà tí gbogbo òfin yẹn á fi bára mu. Mo ní èmi ńkọ́? O ní, "Bàbá, ẹ wà níbẹ̀, òfin tiyín ni pé kí ilẹ̀kùn má tì mọ́ yín."

O ò wá sọ èyí tó kù! O ò sọ pé bí òfin méjì bá forí gbárí, ti alágbára ni ẹ̀rọ á ṣe. O kọ "dandan" sídìí ẹja. O kọ "bó bá ṣeé ṣe" sídìí tèmi! Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, kò ṣeé ṣe mọ́, ó parí! Òkú ẹja ló wá ń bẹ̀rù ooru ju bí èmi alààyè ṣe ń bẹ̀rù ikú lọ?

Ẹ̀n? Ọ̀gá ló ní kó o dín agbára òfin tèmi kù? Torí bí mo bá ti ń gbálẹ̀, ilẹ̀kùn kì í tì, iṣẹ́ á dúró? Ọ̀gá dà? Ṣé òun ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀? Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o, ìwọ ọmọ yìí!

Jókòó. Yí i padà níṣojú mi. Kọ "dandan" gàdàgbà sídìí ẹni tó bá ń gbálẹ̀.

O ti kọ ọ́? Ó dáa. Gba ìgbálẹ̀. Wọlé, kó o bá mi gbá ẹsẹ̀ ògiri tó kù. Èmi á dúró ti kọ̀ǹpútà níhìn-ín, màá sọ fún un pé ẹja ń yọ́.

Kí lo wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ń wò?