Ohun Tí Bàbá Àlejò Sọ Gan-an

Ìyá Ògbufọ̀ ní kí wọ́n gbé òun jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ gbé lọ sọ́run, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Aránṣọ ni àbúrò yìí, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì wọn mọ́ látìgbà ìbò tó pín gbogbo àdúgbò sí méjì.

"Ṣé o rántí bàbá àlejò tó wá wàásù fún wa nígbà ìbò?"

"Ṣé ó ṣeé gbàgbé ni, ẹ̀gbọ́n mi? Òun ló ní àwa tá a wà nínú ẹgbẹ́ kejì ò mọ Ọlọ́run. Gbogbo ojú ló yí sọ́dọ̀ mi."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́."

Nínú gbogbo ìjọ, Ìyá Ògbufọ̀ nìkan ló gbọ́ èdè bàbá náà, òun ló sì ń túmọ̀ ìwàásù rẹ̀. Ó sì ti dá a lójú nígbà náà pé ẹgbẹ́ tòun ni Ọlọ́run ń ṣe. Ló bá yí ọ̀rọ̀ bàbá po. Àwọn èèyàn ṣe àmín, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìwàásù òun ti wọ̀ wọ́n lára.

"Èyí tó burú jù ni pé o wá bá mi nírọ̀lẹ́, o ní ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo wò ọ́ lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Àbúrò rẹ̀ wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó di tirẹ̀ mú. "Kí ló wá sọ?"

"Ó ní ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ò jọ dìbò fún ẹnì kan náà, Bàbá kan náà ló bí yín. Ó ní ká dì mọ́ra wa ká tó jáde."

Omi bọ́ lójú aránṣọ. "Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ ná," ó wí. Ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló dì í mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ògbufọ̀ tún gbogbo rẹ̀ sọ lójú ìjọ.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dìbò, ẹ ṣe òṣèlú, kí ẹ gbèjà ohun tẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ki ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run ò sọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu torí kí ẹgbẹ́ yín lè wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Nígbà tó yá, awakọ̀ kan tí àmín rẹ̀ ròkè jù lọ́jọ́ ìwàásù náà dìde, ó lọ dúró níwájú aránṣọ.

"Mà, èmi náà wà lára àwọn tó yíjú wò yín."

Aránṣọ sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kó lè ráyè jókòó.