Ìdáríjì Tí Kì Í Ṣe Ti Solange

Ìrìn àjò kì í mú irọ́ fúyẹ́. Solange ti gbé tirẹ̀ rìn fún odindi ọdún kan, láti Ṣábẹ dé Parakou, láti Parakou dé Lomé, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi sọ̀kalẹ̀ lórí zẹ́mì, ọ̀kadà akérò, níwájú ilé Bàbá Ràmọ́nù ní Idigny lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà fakánsì, ìyẹn ìsinmi ilé ìwé, tó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo tí wọ́n sá, kó tó gba omi tí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

"Bàbá, ẹ má tíì kí mi káàbọ̀," ó ní. "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ lónìí. Mi ò lè máa gbé e kiri mọ́."

Ojú bàbá kò rí ju òjìji ènìyàn lọ, àmọ́ etí rẹ̀ mú. Ó rẹ́rìn-ín. "Chérifatou ọmọ mi, ṣé wọ́n ti fún ẹ lóúnjẹ?"

"Èmi kọ́ ni Chérifatou, Bàbá."

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Solange, aránṣọ. Òun àti bàbá tó bí i lọ́mọ jà, bàbá náà sì kú láì bá a parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó di àpò kan, ó ní òun ń lọ nasẹ̀ díẹ̀. Ìnasẹ̀ yẹn ti fẹ́ pé ọdún kan ní fakánsì èṣí, nígbà tó gbọ́ pé ní Idigny, bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti gba fakánsì, wọ́n máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lórin àti gìtá nínú kíláàsì tó ṣófo. Kò sí ọmọdé níbẹ̀. Àgbẹ̀, aránṣọ àti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló jókòó sórí bẹ́ńṣì kékeré, tí orúnkún wọn fẹ́ kan àgbọ̀n, tí wọ́n ń ya ẹnu bí ẹyẹ tó ń retí oúnjẹ. Wọ́n pín àwọn àlejò sílé àwọn ará ìlú, Solange sì bọ́ sí ilé Bàbá Ràmọ́nù.

Ó ya àdúgbò lẹ́nu pé bàbá gba akọrin sílé. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni Chérifatou, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sọ pé orin lòun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Bàbá ju gìtá rẹ̀ síta nínú òjò, ó ní ilé òun kì í ṣe ilé àwọn oníranù. Ọmọ náà bá gìtá jáde, ó di Libreville, nílẹ̀ òkèèrè. Kò padà wá mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Solange ń yín àgbàdo nínú àgbàlá, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin tí Mẹ́tìrì Euloge, olùkọ́ wọn, kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Bàbá gbé orí sókè. "Chérifatou," ó ní, "mo ti mọ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tó o ti dé. Orúkọ ẹlòmíràn lo fi wọlé, torí pé ò ń bẹ̀rù mi." Solange fẹ́ sọ pé rárá, àmọ́ Ṣàkírátù, ìyàwó àbúrò bàbá tó ń dáná fún wọn, ń fojú bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó fà á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. "Àbúrò mi, kí ló máa gbà lọ́wọ́ ẹ? Bàbá kì í sùn. Jẹ́ kí wọ́n máa pè ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀kọ́ yín á fi parí."

"Ẹ má dá Ṣàkírátù lẹ́bi," Solange wí níbi tó kúnlẹ̀ sí. "Àánú ló fi ṣe tiẹ̀. Ní tèmi, ebi ló ń pa mí, ebi kí ẹnì kan pè mí lọ́mọ."

Láti ìrọ̀lẹ́ tó pè é ní Chérifatou ni bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun, ó jókòó tì í, ó ṣí fìlà. "Mo ju gìtá ẹ sínú òjò," ó ní. "Láti ọjọ́ yẹn, bí òjò bá ń rọ̀, ara mi kì í balẹ̀. Dárí jì mí." Ohun tí Solange ti retí lẹ́nu bàbá tirẹ̀ títí ilẹ̀ fi bò ó nìyẹn. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Mo ti dárí jì yín, Bàbá," ó ní. Ogún ẹlòmíràn ló jẹ yẹn, ó sì dùn mọ́ ọn.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, à bá pè é ní àánú. Kò parí síbẹ̀. Ó ku ọ̀la kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọrin níwájú ìlú, bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí, pọ́tábù rẹ̀, fóònù alágbèéká, sì dún lórí àpótí. Solange gbé e. Obìnrin kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀dọ̀ Bàbá Ràmọ́nù nìyí? Ọmọ wọn ni mí, Chérifatou. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá nimẹ́rò fóònù yìí."

 Aṣọ tí bàbá rà fún un láti fi kọrin lọ́la wà lórí itan Solange. "Ẹ ṣi nimẹ́rò pè," ó ní. "A ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí."

 "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," obìnrin náà ní jẹ́jẹ́, ó sì pa fóònù. Ìpè náà kò tún wá mọ́. Solange da nimẹ́rò yẹn kọ sínú pọ́tábù tirẹ̀, ó sì pa á rẹ́ lórí ti bàbá. Lọ́jọ́ kejì ó kọrin, bàbá sì ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tó mọ́, Solange ti wọ zẹ́mì lọ.

"Kò síbi tí mo dé tí mi ò gbọ́ 'Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n' yẹn," Solange wí lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́yìn tó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá. "Èmi tí mo ṣẹ̀ ẹ́ ló ń bẹ̀. Bàbá, ẹ̀bẹ̀ tí mo gbà lọ́wọ́ yín kì í ṣe tèmi. Mo wá dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ṣàkírátù fi etí aṣọ bojú. Bàbá yí ojú sí ibi tí ohùn Solange ti wá.

"Ṣé ó ní òun ti ń wá nimẹ́rò mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọmọ mi ló kọ́kọ́ pè mí," ó ní. Ó tún un wí, bí ẹni pé kò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́. "Pè é."

Solange fi pọ́tábù tirẹ̀ pe nimẹ́rò tó dà kọ, ó gbé e lé bàbá lọ́wọ́, ó sì dún títí. Nígbà tí ohùn obìnrin kan dáhùn, bàbá ṣí fìlà bó ti ṣí i lọ́jọ́sí. Solange dìde kó kúrò níbẹ̀, àmọ́ bàbá wá etí aṣọ rẹ̀, ó dì í mú, kò sì jẹ́ kó lọ.

"Chérifatou, bàbá ẹ ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti ṣèèṣì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín."

Ẹkún ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ láti Libreville. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí àgbàdo tí wọ́n sá, kò sì sí ẹni tó dìde láti kó o.

"Ẹ máa sọ ọ́, Bàbá," ni ohùn náà wí. "Mo ń gbọ́."