Àwọn tí wọ́n lọ bi

Nínú takisí láti Kuje ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ọkùnrin kan tí ọ̀pá tó ń fi sábẹ́ abíyá rìn wà ní ìdábùú lórí itan àwa mẹ́ta tá a jókòó sẹ́yìn.

"Wọ́n ti gba iṣẹ́ ọ̀pá ṣíṣe lọ́wọ́ wa nílé-iṣẹ́ wa," ó sọ fún obìnrin tó wà láàárín wa. "Ṣáínà ni wọ́n á ti máa ṣe é wá báyìí. Tiwa ò ju ká lẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ mọ́ ọn lára."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?"

"Ọ̀gá ní kí àwọn kan láti Wuse bá òun wádìí irú ọ̀pá táwọn èèyàn fẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìtajà ńlá kan ni wọ́n lọ dúró sí, wọ́n ń bi àwọn tó ń kọjá. Àwọn yẹn ní èyí tó ń dán ló wu àwọn, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà."

"Ta ló ń fi ọ̀pá gun òkè lọ ra nǹkan?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ méjì pípé ni wọ́n lọ bi." Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè.

"Wọn ò bi ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lò ó?"

Ó fọwọ́ pa rọ́bà ìdí ọ̀pá náà, tó ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n wá bá ọ̀gá. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá."