Ẹja Tí Mo Jí Lẹ́yìn Kọ́tìnnì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí mo ṣe wọlé lẹ́ẹ̀kan, mo rí i pé ẹ ti to àwọn tábìlì bí a ṣe tò wọ́n lọ́jọ́sí, ẹ rò pé eré la tún fẹ́ ṣe. Eré kọ́ ló gbé mi wá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó sì ti ń rà. Bí mi ò bá bì í jáde lónìí, òun ló máa pa mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mo máa ń fi eré kọ́ àgbà lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń lo ohun kan, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe igbó, ìbáà ṣe ẹ̀rọ inú ilé iṣẹ́, ni wọ́n máa ń wá bá mi, pé kí n kọ́ wọn bí wọn ò ṣe ní í jẹ ẹ́ tán, àti bí ohun tí àgbà mọ̀ ò ṣe ní í bá àgbà wọ sàréè. Bí mo bá fẹnu lásán sọ ọ́, wọ́n á sùn lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ṣe eré kan tí mo pè ní Adágún. Ìdérí ìgò tí mo kùn ní búlúù ni ẹja, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn kọ́tìnnì sì ni odò. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, oníkálukú á dá wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, á mú iye tó bá wù ú, á kì í bọ àpò. Bí gbogbo wọn bá ti mú tán, èmi tí mo ń darí eré á wọlé, màá ka èyí tó kù, màá sì fi iye kan náà kún un, torí ẹja tí a bá fi sílẹ̀ ló ń bímọ. Bí eré bá dé ìdajì, àwọn kan á dìde bí ẹni tó ti kú, àwọn mìíràn á jókòó sí àyè wọn. Kí àgbà tó dìde, ó gbọ́dọ̀ fẹnu sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa adágún náà fún ẹni tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Èyí tó bá gbàgbé láti sọ ti bá a lọ nìyẹn.

Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ojúkòkòrò wọn ò ṣeé fẹnu sọ. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbá adágún gbẹ. Nígbà tí mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo jáde, tí mo sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, àgbà pátápátá nínú wọn, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan, bú sẹ́kún. Ó ní, "Kí ni àwọn ọmọ mi máa wá jẹ?" Ara mi bù máṣọ. Ìdérí ìgò ni o, ohun tí à ń gbá dà nù láràárọ̀, òun ló mú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ronú kan ọmọ rẹ̀. Mo wo ọwọ́ ara mi bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti kàn.

Àmọ́ aráyé ń gbọ́n sí i. Àwọn tó ń wá lẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú níwọ̀nba, adágún wọn ń yè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jẹun, wọ́n á ní, "Eré yín dùn o, Tíṣà," wọ́n á sì máa lọ sílé wọn. Ọ̀gá mi nílé ẹ̀kọ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Tíṣà, ó mà ti pẹ́ tẹ́nì kan ti sunkún. Àbí eré ọmọdé la wá ń ṣe báyìí?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Onígbéraga ni mí, ẹ má jẹ́ kí ohùn jẹ́jẹ́ mi tàn yín. Nígbà tí mo tún wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, kàkà kí n fi kún ẹja, ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo bù sínú àpò ara mi. Adágún kú, ẹkún sì sọ. Ọ̀gá gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ní, "Mi ò ní bi ọ́ bó o ṣe ṣe é." Mo sọ fún ara mi pé irọ́ kékeré ni mo fi ń kọ́ wọn ní òótọ́ ńlá. Ẹ wo ẹnu olè tó ń wàásù. Ó wá di bárakú. Mo ń pa adágún fún àwọn tí kò ṣẹ̀, mo sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ sílé pẹ̀lú ìtìjú ohun tí wọn ò ṣe.

Ìgbà náà ni ẹ̀yin wá. Ẹ ní odò kan tí wọ́n sé ni gbogbo yín fi ń bomi rin oko, géètì kan ṣoṣo ni omi rẹ̀ ń gbà jáde, ẹ ò sì fẹ́ kó di ìjà láàárín yín. Kọ́kọ́rọ́ géètì náà wà lọ́rùn Bàbá Onígéètì, òun ló ń ṣí omi fún oko kọ̀ọ̀kan bó bá ti kàn án. Ó rẹ́rìn-ín sí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, "Tíṣà, èmi ò mọ eré ṣe láti kékeré o, ẹ má jẹ́ kí n dójú tì yín." Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé ó ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì tán kí òun tó lọ. Mo bi í ní ìdí. Ó ní ọwọ́ òun ti mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó ń ṣí omi kì í kọ́kọ́ bomi sí oko ara rẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn, torí òun ni mo fi pa á.

Mo wọlé lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́, mo ka ẹja. Mo tún un kà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré ni oníkálukú yín mú. Ẹ̀yin tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́, tí kọ́tìnnì bò, tí ẹ lè mú tó bó bá ṣe wù yín. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ síbẹ̀ ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé àwọn wọ̀nyí fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Ọ̀gá mi ti kó àlejò wá láti wo bí ẹkún ṣe ń sọ. Mo bu ẹja. Ní sáà kejì, mo tún bu.

Ní ìdajì eré, ìyá kan tó ń gbin ata dìde, àbúrò Bàbá Onígéètì, ẹni tí gbogbo yín ń pè ní Onítòmátì, sì jókòó sí àyè rẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí ìyá náà sọ fún un. Ó ní, "Ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń mú, ọmọ mi. Gbogbo wa la jọ fẹnu kò sí i, a ò sì yẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìmọ̀ tó pé ni àgbà fi lé ọmọ lọ́wọ́ níṣojú mi, bí mo ṣe ń gbàdúrà pé kí eré mi máa rí lójoojúmọ́, èmi kan náà sì ni mo sọ ìyá náà di òpùrọ́. Torí nígbà tí mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde kí gbogbo yín wò ó, ẹja inú rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́.

Onítòmátì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ ń mú, ta ló ń mú èyí tó kù?" Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi. Ta ní í fura sí tíṣà? Ẹnì kan béèrè pé ta ló máa ń kẹ́yìn wọlé. Mo rí bí ojú yín ṣe ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi dúró sára Bàbá. Onítòmátì dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, àmọ́ òótọ́ ò mọ ẹ̀gbọ́n. Ìwọ lò ń kẹ́yìn débẹ̀ nígbà gbogbo." Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwọ láàárín àwùjọ. Ojú ti àwọn kan nínú yín, wọ́n sì wolẹ̀.

Bàbá kó ẹja rẹ̀ jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìyí, láti ìbẹ̀rẹ̀." Ẹnì kan ní àpò kejì ńkọ́. Bàbá fa àpò kejì síta, kò sí nǹkan níbẹ̀, ariwo ò sì dẹ̀. Ó wá dìde wẹ́rẹ́. Ó ní, "Mi ò lè fipá mú yín gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n odò yìí ò gbọdọ̀ kú torí pé à ń jà. Ẹ gba tèmi, ẹ dá a padà sínú rẹ̀." Ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó mọ òfin o. Nínú eré mi, ẹni tí kò bá ní ẹja lọ́wọ́, ebi ti pa ará ilé rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì dà á sínú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe Adágún, kò sẹ́ni tó dá ẹja padà rí. Èmi tí mo ṣe òfin rẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Irun orí mi dìde. Ẹ̀rù ọkùnrin náà bà mí bí ẹ̀rù ohun mímọ́ ṣe ń bani.

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ tún wọ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá ló kẹ́yìn bó ti máa ń ṣe, lẹ́yìn náà ni èmi wọlé láti kà á. Ibi tí mo ti lè tún ìwà mi ṣe nìyẹn, kò sì ní ná mi ní nǹkan kan. Bí mo bá fi ẹja kún un lásán, bí òfin ṣe wí, adágún á yè, Bàbá á yè, ẹ̀yin náà á lọ sílé pẹ̀lú orí gbígbé sókè. Mo wá gbọ́ ohùn ọ̀gá mi níta, tó ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Ẹ ní sùúrù, ibi tó ti dùn ló kù." Mo kó o. Mo kó gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí Bàbá fi ebi ilé rẹ̀ rà. Mo gbé òfìfo jáde, mo sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì.

Ẹ̀yin náà rántí ìyókù. Ẹ ní ó fi ojú ayé dá díẹ̀ padà, ó sì lọ kó gbogbo rẹ̀. Ẹ ní ẹni tó bá lè jalè nínú eré, kí ni kò lè ṣe sí omi wa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ géètì gidi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo ń ká kọ́tìnnì mi. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e sílẹ̀, ó wá yà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun, a kẹ́kọ̀ọ́." Mo ní, "Kò tọ́pẹ́, Bàbá." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Mo gbọ́ pé ó ti kó lọ bá ọmọbìnrin rẹ̀ nígboro. Mi ò wá a lọ. Télọ̀ mi ni mo ń wá lọ lóṣù tó kọjá, nínú ilé kan tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ti ń lo ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, mo sì bá wọn lágbàlá níbi tí wọ́n jókòó yí abọ́ oníke kan ká. Abọ́ tí à ń rí inú rẹ̀ kedere ni, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí kọ́tìnnì níbì kankan. Bàbá Onígéètì ló ń darí wọn. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a jọ ṣeré, síbẹ̀ gbogbo òfin mi ló rántí, títí kan bí àgbà ṣe ń dìde, tó ń fi ọ̀rọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ó fi ń parí ìjà omi ẹ̀rọ fún wọn. Mo fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ó ti rí mi. Ó ní, "Ẹ dìde, gbogbo yín, ẹ dìde. Tíṣà mi nìyí." Wọ́n sì dìde fún mi.

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín léèrè kan. Adágún tiyín máa ń kú. Tèmi kì í kú. Bí mo ṣe ń ṣe é tó, ṣe lẹja ń pọ̀ sí i. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?"

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó tutù yẹn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín lónìí. Kò lù mí, kò sì bú mi. Ó bi mí pé, "Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀?" Mo ní kò sí, àfi èmi. Ó ní, "Títí kan àbúrò mi?" Mo ní títí kan àbúrò yín. Ìgbà yẹn ló tó jókòó, ó sì sunkún. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni. Ó ní, "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà lọ́kàn mi pé òun ló kó èyí tí mo dá padà, pé ó fi ariwo bò ó ni. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, mi ò lọ kí wọn. Ó ránṣẹ́ sí mi, mi ò dá a lóhùn." Mo wá rí i pé kì í ṣe orúkọ ẹnì kan ni mo bà jẹ́. Mo wọ àárín ọmọ ìyá méjì, mo sì bu ìfẹ́ wọn lọ bí ẹni bu ẹja.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ̀yìn yẹn, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ èèyàn, ẹ má ba ohun rere tó ti mọ̀ jẹ́ kí tiyín lè níyì. Bí adágún wọn bá yè, ẹ jẹ́ kó yè, bí kò bá tiẹ̀ sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, títí kan èmi, fi kọ́tìnnì darí yín. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé màá wá síbí. Ohun tó bá fẹ́ fi mí ṣe, kó fi mí ṣe.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí lónìí, ó yé mi, mi ò sì ní kúrò lójú kan yìí títí ẹ ó fi bínú tán. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Bàbá wà níta, nínú ọkọ̀ tó gbé mi wá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wọlé, ó kọ̀. Ó ní kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ lòun wá gbà, àbúrò òun lòun wá bẹ̀, òun ò sì mọ̀ bóyá ó máa fẹ́ rí òun. Bọ̀ọ̀dá Onítòmátì, mo rí i pé ẹ ti dìde. Ẹ má wò mí mọ́, ẹ máa lọ bá a.