Orúnkún Baba Ìjọ Ló Tú Àṣírí Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹlẹ́wọ̀n ni mí. Yàrá abẹ́ ilé màmá mi ní Mitchellville ni ẹ̀wọ̀n mi, ẹjọ́ mi sì ti parí. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Orúnkún mi tó ti bàjẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmi ń gbé oúnjẹ wá lójúmọ́, pẹ̀lú èébú. Ọdún méje ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun, ìdájọ́ mi sì ni pé kí èmi pẹ̀lú Màmi jọ wo gbogbo eré tí mo gbá. Ó ku ẹyọ kan. Òun ni mo ń bẹ̀rù jù, àárọ̀ yìí la ó sì wò ó. Kí Màmi tó sọ̀kalẹ̀ wá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí Màmi mú mi wá sí Maryland, lẹ́yìn ikú bàbá mi. Wọ́n rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Suitland, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ayé pé dókítà lọmọ àwọn máa dà. Ilé ìwé ni mo ti pàdé bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé. Running back ni tíṣà fi mí ṣe. Wọn á gbé bọ́ọ̀lù lé mi lọ́wọ́, màá gbá a mọ́ àyà, màá sì wá ọ̀nà gba àárín àwọn ọkùnrin tó tóbi ju fìríìjì lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ kéré. Nígbà tí yunifásítì kan fún mi ní sikọ́láṣípù, Màmi kúnlẹ̀ ní kíṣìnnì, wọ́n ń dúpẹ́.

"Mo ti mọ̀ pé orí ẹ pé," wọ́n wí.

Ẹsẹ̀ mi ni yunifásítì náà rí, kì í ṣe orí mi. Ó yẹ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú Màmi ń dùn, ìrẹsì sì wà lórí iná. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ìlú tó jìnnà gbà mí síṣẹ́. Mo pe Màmi lórí fóònù.

"Agbábọ́ọ̀lù kẹ̀? Kí lo fẹ́ máa ṣe fún wọn?"

"Màá máa tọ́jú ẹsẹ̀ wọn, mà."

"Ìyẹn ni pé dókítà ẹsẹ̀ ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo pa irọ́ yẹn tán, mo jẹun, mo sì sùn dáadáa.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni wọn ò ṣe mọ̀. Ọjọ́ Sunday la máa ń gbá bọ́ọ̀lù, Màmi kì í sì í kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oxon Hill lọ́jọ́ Sunday. Bí wọ́n bá ṣe ìsìn tán, ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ló kù, lẹ́yìn náà ìpàdé nípa ìpàdé ọ̀hún. Akoto tí a ń dé lórí pápá sì bo ojú mi. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló láyà? Tí mo bá wálé, wọ́n á ní, "Doc, how far?" wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín sínú.

Nígbà tí orúnkún mi já lórí pápá tí iṣẹ́ sì parí, mo sọ fún Màmi pé orí àtẹ̀gùn ni mo ti ṣubú. Mo kó padà sílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Màmi mú Baba Ìjọ wá, bàbá tó ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, orúnkún wọn wú.

"Dókítà, ẹ bá mi wo Baba." Nítorí àlejò ni Màmi ṣe ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

Mo lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń rì wá bọ omi yìnyín lẹ́yìn eré. Mo lọ ra yìnyín àpò mẹ́jọ, mo dà á sínú ọpọ́n ìwẹ̀, mo sì ní kí Baba wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé.

"Dókítà, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, sà."

Ní ìṣẹ́jú kejì, Baba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìnkú. Ní ìkẹta, ohùn wọn lọ. Mo fẹ́ fà wọ́n sókè, orúnkún tèmi kọ̀. Màmi fà wọ́n títí, ni wọ́n bá pe áńbúláǹsì.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó wá ti ki ọwọ́ bọ abíyá Baba kí ó tó wo ojú mi. Ló bá pariwo orúkọ mi, ó fi Baba sílẹ̀, ó yọ fóònù, ó ní ká ya fọ́tò.

"You know the doctor?" Màmi bi í.

"Doctor? No, ma'am. He's a running back."

Baba sọ̀rọ̀ láti inú yìnyín: "Ẹ yọ mí ná, kí ẹ tó ya fọ́tò."

Bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Baba Ìjọ nìyẹn. Ọsibítù dá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn fúnra wọn ló sì wá bá mi bẹ Màmi. Wọ́n ní orúnkún ọ̀hún kò tilẹ̀ wú mọ́. Màmi kò gbà.

"Ti dókítà, mo gbọ́," Màmi wí fún mi. "Ọdún méje tí wọ́n ń gbé ọmọ mi ṣánlẹ̀, tí mi ò mọ̀, tí mi ò gbàdúrà sí i, ìyẹn ni mi ò lè gbé mì. Gbogbo ẹ̀ ni mo máa wò."

Wọ́n sì ń wò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé mi ṣánlẹ̀, Màmi á dá fídíò dúró. "Ta nìyẹn? Kí lo ṣe fún un?" Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ni, mà. Wọ́n á wá gbàdúrà kíkan lórí eré tó ti parí láti ọdún mẹ́fà. Bí mo bá gbé bọ́ọ̀lù dé ìlà ìkẹyìn, wọ́n á jó yí yàrá ká, wọ́n á rántí pé àwọn ń bínú, wọ́n á jókòó.

Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ kí n dúró ná.

A ti wò ó tán. Àwọn ọkùnrin méjì ló kọlu ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì dìde. Wọ́n ṣí akoto lórí mi. Màmi dá fídíò dúró, wọ́n sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹnu ẹ ń mì. Kí lò ń sọ fún wọn?"

"Kì í ṣe àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mà."

"Ta wá ni?"

"Ẹ̀yin ni mò ń pè."

Màmi fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mi mú. "Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà," wọ́n wí. "Mi ò gbọ́." Àwa méjèèjì sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí òbí yín rò pé lọ́yà ni yín, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ sọ fún wọn lónìí. Wọ́n á pariwo, wọ́n á pe pásítọ̀, wọn ò ní dá yín lóhùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fara dà á. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń pariwo orúkọ mi ní pápá lọ́jọ́ náà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó mọ ẹni tí mò ń pè.