Odó Tó Dákẹ́ Lẹ́yìn Aṣọ Funfun

Alága wa, Alàgbà Adébíyìí. Ẹ̀yin àgbà ìjọ. Ẹ̀yin tísà ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìyìn àti Ìgèdè. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé: mo kí yín o.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Lónìí tí mò ń dágbére fún yín, ẹ fún mi ní ẹ̀rọ tí ilé-ìwé fi ń ya sinimá, nítorí sinimá adẹ́rùbani tí èmi àti àwọn ọmọ yà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Kí n tó fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lọ́kàn mi.

Ìtàn iwin tó wọlé bá obìnrin tó ń gúnyán ni. Mo fi ẹní dí fèrèsé, mo fi àlàfo kan sílẹ̀ kí oòrùn lè tàn sí ìdajì ojú obìnrin náà. Mo gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ẹnu ọ̀nà lè ga ju èèyàn lọ. Bámgbóyè, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, kun ìyẹ̀fun, ó di iwin. Sinimá náà ò ní ohùn; nígbà tí a fi í hàn lójú aṣọ funfun ní gbọ̀ngán yìí, kí ni ẹ ṣe? Ẹ bú sẹ́rìn-ín! Ìyá Ọláoyè ló kọ́kọ́ pariwo: "Urọ́ o! Bámgbóyè rèé! Ẹ wo bàtà bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀!"

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Sitandádì Kẹfà kan wá bá mi. "Tísà, ẹ yọ iwin kúrò, sà. Ẹ jẹ́ kí á gbé odó sẹ́yìn aṣọ funfun, kí ẹnìkan máa gún un bí ti inú àwòrán. Bí obìnrin náà bá gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà, kí odó dákẹ́."

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ní Èkó?" Mo lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ sinimá.

Àmọ́ mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé iwin dànù, mo gbé odó wá. Ta ló ń fetí sí ìró odó nírọ̀lẹ́ ní Èkìtì? Àfi bó bá dákẹ́ láìtó àsìkò. Lọ́jọ́ tí a tún fi sinimá náà hàn yín, Tísà Olúmúyìwá ló gún un láìṣì í lẹ́ẹ̀kan. Tísà, apá yín ò ní rọ o. Odó dákẹ́. Ẹnu ọ̀nà òfìfo nìkan ló kù lójú aṣọ. Ìyá Ọláoyè kan náà ló di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú!

Ẹ yìn mí. Ọ̀gá tó ń bẹ ilé-ìwé wò kọ̀wé yìn mí. Mo gba gbogbo rẹ̀, mo pa ẹnu mọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀: mo fi òwe yẹn kọ́ àwọn ọmọ yín, èmi fúnra mi ni ò gbà á gbọ́.

Ọmọ náà ti di tísà báyìí: òun ni Tísà Monínúọlá tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́, kò sọ ọ́ rí.

Alága, ẹ forí jì mí, ẹ̀bùn yìí kì í ṣe tèmi. Monínúọlá, ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Dìde, wá gbé ẹ̀rọ rẹ. Bí o ò bá tilẹ̀ tíì lè dárí jì mí, wá gbé e.

Ẹ̀yin tí mo ń fi sílẹ̀, Olúwa á dúró tì yín. Ẹ̀yin àlejò, ẹ ó délé láyọ̀. Àwọn ọmọ yín á gbọ́n jù wá lọ, ẹnu wa á sì gbà á láti sọ bẹ́ẹ̀ lójú ayé wọn. Odó ilé yín ò ní dákẹ́ láìtó àsìkò.

Ẹ ṣé o.