Ìkéde Kànga Lagbé Tí Angèle Dá Dúró

Ọ̀rọ̀ kan ti há Angèle lọ́fun láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò gbé e mì, kò sì pọ̀ ọ́. Ọ̀sán ọjọ́ tí ọmọ kékeré kan, Fawziath, ti ọsibítù dé, Angèle gun ọ̀kadà zémìjàn láti ìlú Ifangni lọ sí abúlé Lagbé, ó wọ àgbàlá ilé Samiratou, ìyá ọmọ náà, ó sì kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. Ó ní òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, nítorí bí òun bá tún gbé e pamọ́, òun fúnra òun kò ní dá a mọ̀ mọ́.

Iṣẹ́ Angèle ni láti máa gbé ìkéde sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ìjọba kan. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìkéde kó tó jáde, ó sì máa ń pẹ́. Wọ́n wá pe Régis, ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà dunjú, kó tún ìkànnì náà ṣe. Ó ṣe é débi pé ẹni tó kọ ìkéde lè gbé e jáde fúnra rẹ̀, kó yan ọjọ́ tí yóò jáde, kó sì dé orí fóònù àwọn ará abúlé lójú ẹsẹ̀. Régis fi sùúrù kọ́ Angèle, bí ọmọ ìyá ni wọ́n ṣe rí.

Ìkéde kan wá dé pé omi kànga kan ní Lagbé kò ṣeé mu mọ́. Kànga tí bàbá Angèle fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kó tó kú ni, ibẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò ti ń pọnmi. Angèle pe ìyá rẹ̀. Ìyá bi í bóyá Angèle fúnra rẹ̀ ni yóò ba orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́ lójú ayé. Ó ní kó fún òun láyè, òun yóò rọra bo kànga náà. Angèle bá yan ọjọ́ tó jìnnà fún ìkéde yẹn. Ṣé ó fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ ni, àbí ó kàn fẹ́ fún ìyá rẹ̀ láyè? Títí dòní, kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tó mọ̀ ni pé bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tán, ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ìyá kò bo kànga. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun mú Fawziath tó ń mu omi ibẹ̀, ó le débi pé wọ́n là á níkùn. Lẹ́yìn èyí ni ìkéde ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí wọ́n sì di kànga náà.

Angèle wá dé ibi tó burú jù. Ó ní kí ọ̀gá tó pe òun àti Régis láti bèèrè ìdí tí ìkéde fi pẹ́, òun ti lọ yí ọjọ́ yẹn padà lórí ìkànnì, kí àṣírí má bàa tú. Lójú Régis ló ti sọ fún ọ̀gá pé: “Mo tẹ̀ ẹ́ lásìkò, ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ̀rọ tuntun yìí ni kò gbé e jáde.” Régis wò ó, kò jiyàn. Ó ní bóyá òun ló ṣàṣìṣe, kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kò jẹ́, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Angèle sì tún irọ́ náà pa títí, tó fi jẹ́ pé láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, òun náà á máa rò pé ẹ̀rọ ló jẹ̀bi.

Samiratou kò ṣépè. Ó wọlé, ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní kí Angèle ka nọ́ńbà Régis fún òun, ó sì tẹ̀ ẹ́ láago.

“Ọmọ tèmi ti wálé,” ni ó wí. “Ti ìyá Régis ṣì wà lábẹ́ ẹ̀sùn. Sọ ọ́ fún un.”

Angèle sọ ọ́. Régis gbọ́ ọ tán, ó bi í pé:

“Donc, ìyẹn ni pé ohun tí mo ṣe ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n?”

“Ó ṣiṣẹ́, Régis. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.”

Régis ní láti ọjọ́ tí òun ti padà sílé ìyá òun ni òun ti ń wá àṣìṣe náà, òun kò rí i, òun sì ti gbà pé òun kò mọ iṣẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n,” ó sì pa fóònù.

Angèle wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò mọ̀ bóyá “ẹ ṣé” yẹn jẹ́ ìdáríjì ni, àbí ó dìgbóṣe. Ó gbójú sókè wo Samiratou, bóyá ìyẹn lè túmọ̀ rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n Samiratou ti gba fóònù rẹ̀, ó ti wọlé lọ fún ọmọ rẹ̀ lóògùn.